Foxglove mi hù níkẹyìn!
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbin Digitalis ferruginea, irú foxglove kan (ewéko tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà) tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí irin tó dógùn-ún, nílùú Òṣogbo níbí, kò hù. Mo ti ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi. Àṣé èmi ni mo ń sin ín láàyè! Irúgbìn tó kéré tó báyìí, mo ń bu iyẹ̀pẹ̀ lé e bí ẹni gbin àgbàdo. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí alẹ́ tutù díẹ̀, mo wọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀ tútù nínú abọ́ oníke, mi ò bò ó, mo gbé e síbòji. Ìsàlẹ̀ abọ́ ni mo ń gbà fún un lómi. Ní ọjọ́ 17 lẹ́yìn tí mo wọ́n ọn, ewé tíntìntín yọ.

Màmá wa ní ṣé ẹ̀fọ́ ni. Ẹ̀fọ́ kẹ̀! Májèlé ni látòkè délẹ̀. Mo ti gbé e sórí pẹpẹ, kí ewúrẹ́ má baà dé ibẹ̀.