Ẹ má ṣe é báyìí: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí ẹ bá ń kó ẹbí lọ sí escape room àwọn ajalèlókun

Ìṣẹ́jú 41 ló kù fún wa nígbà tí ilẹ̀kùn padé. Wákàtí kan gbáko la sanwó fún. Ojú pópó la ti fi ìṣẹ́jú 19 tó kù ṣòfò: mọ́tò kan ṣì ń wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí, àwọn kan ń fọwọ́ sí ìwé, ẹnì kan yà lọ ra omi. A ò rí àpótí ìṣúra yẹn ṣí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí a torí ọjọ́ ìbí rẹ̀ jáde sunkún títí a fi délé, ó sì dùn mí wọra, nítorí èmi ni mo ṣètò rẹ̀. Mo ti ṣètò mẹ́rin sí i lẹ́yìn rẹ̀ níhìn-ín ní Massachusetts, ó sì ti yé mi pé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àgádágodo leré yìí ti ń bà jẹ́.

Fún ẹni tí kò bá dé escape room rí: ilé-iṣẹ́ SCRAP ní Kyoto, ní ilẹ̀ Japan, ló bẹ̀rẹ̀ eré náà ní 2007. Wọ́n á ṣe yàrá kan lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìtàn, wọ́n á fi àlọ́ pamọ́ sára ògiri, sínú àpótí, sábẹ́ tábìlì, ẹ̀yin á máa já a títí ẹ ó fi rí ọ̀nà jáde. Ìṣẹ́jú 60 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹnì kan ń wò yín láti inú kámẹ́rà, òun ló máa ta yín lólobó bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Ti ajalèlókun máa ń ní okùn, àgbá, máàpù, àti àsíá dúdú tí wọ́n ya agbárí sí.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni kí n kọ́kọ́ sọ. Lóde ìnáwó wa, ẹni tó bá fi wákàtí kan pẹ́ ṣì máa bá ìrẹsì nílẹ̀. Níbí, àwọn mìíràn ti sanwó fún wákàtí tó tẹ̀ lé tiyín, kò sẹ́ni tó máa fi kún un fún yín. Ẹ má kọ aago méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sórí WhatsApp, pé “aago mẹ́ta leré, ká dé ní méjì ààbọ̀”. Mẹ́ta ni gbogbo wọn máa rántí. Méjì ààbọ̀ nìkan ni kí ẹ kọ. Bákan náà, ìwé tí wọ́n fi ń gba àdéhùn pé bí ẹ bá fara pa ẹ ò ní pe àwọn lẹ́jọ́, ilé ni kí ẹ ti fọwọ́ sí i lórí fóònù. Òbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ti ọmọ rẹ̀. Àwa tí a máa ń kó ọmọ àbúrò àti ọmọ aládùúgbò dání, ẹ fiyè sí i dáadáa: wọ́n lè dá ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ síwèé dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Iye èèyàn náà ń ṣini lọ́nà. Bí wọ́n bá ní yàrá gba mẹ́wàá, ibi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bí mẹ́wàá bá wọlé, àwọn mẹ́rin á máa ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á máa wo ẹ̀yìn wọn. Márùn-ún sí mẹ́fà ti tó. Bí ẹ bá jẹ́ méjìlá, ẹ pín ara yín sí méjì, kí àgbà àti ọmọdé sì wà ní apá méjèèjì.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bí ọmọ wa ṣe máa ń dákẹ́. Lọ́jọ́ tí a kùnà yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti rí i pé iye egungun tó wà lára àsíá mẹ́rin ni nọ́ńbà àgádágodo. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fa aṣọ ẹ̀gbọ́n wa àgbà. Ẹ̀gbọ́n wa ń ka nọ́ńbà tiwọn sókè, gbogbo wa sì ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí àkókò tán, tí ẹni tó ń darí eré wọlé wá fi àṣírí náà hàn wá, ọmọ yẹn ní, “Mo ti rí i tẹ́lẹ̀.” Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó ní, “Bàbá ńlá ń sọ̀rọ̀ ni.” Ọmọ tí a kọ́ ni, kò ṣe ohun tó burú. Àwa la ò tú u sílẹ̀. Ní báyìí, kí a tó wọlé, ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn ló máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé, “Nínú yàrá yìí, ẹni tó bá rí nǹkan, kó pariwo, kódà bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.” Ẹnu àgbà ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Bí èmi bá sọ ọ́, wọn ò ní gbà á gbọ́. Níjàde kejì, inú ẹnu àgbá tóóró kan ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọwọ́ wa ò wọ̀ ọ́. Tàgbà ò kúkú wọ kèrègbè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló yọ ọ́, a sì gbé e lé èjìká.

Ẹ bi àwọn tó ni ibẹ̀ bóyá wọ́n máa ń ta àyè tó kù fún àjèjì, nítorí àwọn ibì kan ní Amẹ́ríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gba owó lọ́wọ́ gbogbo èèyàn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ran aṣọ ẹbí tó ń wọ́ nílẹ̀ fún un, ẹ lè rá kòrò lábẹ́ okùn. Ẹ ṣeré tán kí ẹ tó jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹ má yára kọjá lórí ọ̀rọ̀ ara àti ẹ̀mí. Ibẹ̀ máa ń ṣókùnkùn, wọ́n lè fín èéfín bíi kùrukùru òkun, iná lè máa ṣẹ́jú. Ẹ bi aláboyún, ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹni tó ní wárápá, ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já níbi tóóró, ní ìkọ̀kọ̀, kó má baà tijú. Ní ọjọ́ 4, oṣù kìíní, 2019, iná sọ ní escape room kan ní ìlú Koszalin, ní ilẹ̀ Poland. Àwọn ọmọbìnrin márùn-ún, ọmọ ọdún 15, ló kú níbẹ̀. Ọjọ́ ìbí ni wọ́n bá lọ. Ẹ pe ibi tí ẹ ń lọ, ẹ bi wọ́n pé: ṣé ilẹ̀kùn yín ń tì ní tòótọ́? Bọ́tìnì wo la máa tẹ̀ bí a bá fẹ́ jáde kíá? Bí wọn ò bá dáhùn dáadáa, ẹ wá ibòmíràn lọ.

Ẹ má kọ̀ láti gba olobó nítorí pé ẹ fẹ́ fi hàn pé ẹ gbọ́n. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá ti kọjá lórí àlọ́ kan, ẹ béèrè.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwa òbí máa ń ṣe: kí ọmọ délé pẹ̀lú fìlà ajalèlókun lórí, kó má mọ ẹni tí àwọn èèyàn náà jẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1722, Bartholomew Roberts, ọ̀gá ajalèlókun kan, dé etíkun Ouidah, ní Benin òní. Ó bá ọkọ̀ 11 níbẹ̀, ó gbà wọ́n, ó ní kí ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wá fi góòlù ra ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ọ̀gá ọkọ̀ Porcupine kọ̀. Àwọn èèyàn Roberts sun ọkọ̀ náà, nǹkan bí 80 èèyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n dè ní méjì-méjì, sì wà nínú rẹ̀. Etíkun yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gbà dé Brazil. Ọkọ̀ Whydah, tí wọ́n fi orúkọ Ouidah sọ, kó ẹrú lọ sí Jamaica kí ajalèlókun kan, Samuel Bellamy, tó gbà á ní 1717. Ó rì lẹ́bàá Cape Cod, ní Massachusetts níbí, ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, Barry Clifford, tó máa ń wá ọkọ̀ tó rì sínú òkun, àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì rí i ní 1984.

Inú mọ́tò ni mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, nígbà tí a ń padà bọ̀ láti ìjáde kẹta. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá nǹkan kan ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ yẹn. Mo ní agogo rẹ̀ wà, wọ́n kọ orúkọ Whydah àti 1716 sí i lára. Ó ní kí n mú òun lọ wò ó, mo sì ti kọ ọ́ mọ́ ètò ìjáde tó ń bọ̀.