Àṣìṣe Tí Àwọn Tó Ń Lọ Wo Ojú Ogun Kírìjí Máa Ń Ṣe

Ogun Kírìjí ni Ìbàdàn bá Èkìtìpàràpọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn mìíràn tó para pọ̀, jà. Èyí tó ń dùn mí jù ni kí èèyàn dé Ìmẹ̀sí-Ilé, kó ya fọ́tò, kó sì ṣẹ́rí mọ́tò padà. Ìdajì ìtàn ló rí. Ìmẹ̀sí-Ilé ni Èkìtìpàràpọ̀ fìdí sí, pẹ̀lú Ògèdèǹgbé, olórí ogun wọn. Ìhà Ìgbájọ ni bùdó Ìbàdàn wà, ibẹ̀ ni Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ní 1885. Ẹ dé ìhà méjèèjì. Ìgbà tí ẹ bá dúró níhìn-ín, tí ẹ rí bí òkè ṣe to lọ rẹrẹ dé ọ̀hún, ni yóò yé yín pé kò rọrùn láti gun òkè lọ bá ẹni tó fi àpáta ṣe odi. Abájọ tí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 fi pẹ́ di 1893.

Ẹ má sì kó ibi tó pọ̀ jù mọ́ ọjọ́ kan. Ìkìrun, níbi tí wọ́n ti ja ogun Jálumi, ọ̀kan nínú àwọn ìjà ìgbà ogun yìí, ní 1878, ṣeé yà sí. Ṣùgbọ́n omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ẹ fi í di ọjọ́ mìíràn. Bí aago méje àárọ̀ bá ṣì bá yín ní Òṣogbo, ẹ ti pẹ́.

Ẹ má gun òkè kankan láìkọ́kọ́ kí ààfin. Ẹni tí wọ́n bá fà lé yín lọ́wọ́ ló mọ ibi tí koríko ti bo ojú ogun.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ńkọ́? Ẹ má dé Òkèmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun Èkìtìpàràpọ̀, kí ẹ máa bi àgbà pé ṣé Ìbàdàn ló borí. Kò sẹ́ni tó borí. Àdéhùn ni wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ ogun ò tán pátápátá títí di 1893. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní: “Baba, ẹ jọ̀ọ́, ta ló lọ sógun nínú ilé yìí?” Bí baba bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá ńlá rẹ̀, ẹ má já a lẹ́nu, ẹ má sì na fóònù sí i lójú láìtọrọ àyè. Inú oríkì yẹn ni ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ wá gbọ́ wà.

Àfọ́kù ìkòkò tàbí irin tí ẹ bá rí nílẹ̀, ẹ má mú un lọ sílé.

Sálúbàtà ò dáa lórí àpáta, pàápàá lẹ́yìn òjò. Bí ọyẹ́ bá sì mú gan-an, eruku á bo àwọn òkè náà. Ìparí oṣù kọkànlá, tí òjò ti dá tí ọyẹ́ ò tíì le, ló sàn jù.