Bí mo ṣe ya àwòrán ọkàn nígbà tí ECG ń parọ́ nínú MRI

Yíya ọkàn ní MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ńlá yàwòrán inú ara, yàtọ̀ sí ti orúnkún. Ọkàn kì í dúró sójú kan, nítorí náà ECG, ìlà tó ń fi iná ọkàn hàn, ni ẹ̀rọ fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó yàwòrán. Tó bá ti rí ìgbì R, ṣóńṣó gíga yẹn, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbé Alhaji kan wá bá wa ní Ṣágámù. Mo fá irun àyà wọn, mo fi spírítì nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ, mo wá lẹ ìlẹ̀mọ́ ECG mẹ́rin tó jẹ́ ti MRI sí apá òsì, wọ́n sún mọ́ra dáadáa. Wáyà rẹ̀, mo tọ́ ọ gbọnrangandan, torí wáyà tó bá ká kò nínú ẹ̀rọ yìí lè jó èèyàn lára.

"Ọmọ yìí, ṣé irun yìí á hù kó tó di Ojúde Ọba?"

"Bàbá, ta ló fẹ́ ṣí agbádá yín wò?"

Níta ẹ̀rọ, R ga, T, ìgbì kékeré tó ń tẹ̀lé R, kúrú, ọkàn ń lù ní 72 ní ìṣẹ́jú kan. Bí mo ṣe ti ibùsùn wọlé báyìí, T bẹ̀rẹ̀ sí í dìde títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá R dọ́gba. Nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ di 144, àwòrán sì jáde ní bàìbàì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́dọ̀ mi ti fẹ́ sáré lọ pe dókítà. Mo ní kó wo ohun tí a fi há ìka bàbá láti ka ìlù ọkàn: 72 ṣì ni. Ẹ̀rọ ló ń ka T mọ́ R.

Ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ kó lè gbé iná. Nígbà tí ọkàn bá tì í sínú òpó ńlá tó tẹ̀ kọrọdọ lókè àyà, ó ń dá agbára mágínẹ́ẹ̀tì kọjá, iná díẹ̀ á sì yọ lára rẹ̀. Michael Faraday wá irú iná bẹ́ẹ̀ lára odò Thames ní 1832, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ayé kò lágbára tó, kò rí èsì gidi. Ẹ̀rọ 1.5 tesla (tesla ni a fi ń wọn agbára mágínẹ́ẹ̀tì) ju ti ilẹ̀ ayé lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30,000! Àsìkò tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde náà sì ni T ń hàn, ló fi jẹ́ pé orí T ni iná ọ̀hún ń gùn. Ní 3 tesla, ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fa bàbá jáde, T sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ṣí ìlẹ̀mọ́ méjì nípò títí R fi ta yọ, mo sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tún R wọn kọ́ níta, kó lè fi ìhà tí iná ọkàn ń kọjú sí dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀. VCG nìyẹn. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, T ṣì ga, àmọ́ 72 ni ẹ̀rọ ń kà. Ká ní ó kọ̀ ni, ìlù ìka ni mi ò bá lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ lẹ́yìn ọkàn díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sínú fáìlì bàbá pé kí ẹnikẹ́ni má fi ECG inú ẹ̀rọ yìí wá àrùn ọkàn. Èyí tí a yà níta ni kí wọ́n wò.