Bí a ṣe ń fi súwíìṣì ìgbóná sí fáànù rédíétọ̀ ọkọ̀ àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tó ń rìn ní Abẹ́òkúta, fáànù wọn kì í sinmi. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, fáànù ti gbéra, ẹ́ńjìnnì ì báà gbóná, ì báà tutù. Súwíìṣì inú rédíétọ̀ ló kú, tí riwáyà wá so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn a fi nọ́ọ̀bù kékeré sí dáṣíbọ́ọ̀dù kí awakọ̀ máa fọwọ́ tàn án.

Nọ́ọ̀bù yẹn ni mo ní lọ́jọ́ tí mo há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lafenwa. Ọjọ́ ọjà ni, oòrùn oṣù Kẹta mú ganrínganrín, ọ̀rọ̀ sì wọ̀ lẹ́nu èmi àti ẹni tó jókòó tì mí. N kò rántí tan fáànù. Ìgbà tí èéfín yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo rántí, gásíkẹ́ẹ̀tì sì ti lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé omi inú ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó máa pe fáànù, kì í ṣe awakọ̀.

Ẹni tó bá mọ sípánà dì mú lè ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀sán kan. (Ẹni tó ń wa Ìjàpá kò nílò rẹ̀: atẹ́gùn ni ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ fi ń tutù, kò ní rédíétọ̀ rárá.)

Ẹ ra súwíìṣì ìgbóná, wáṣà kọ́pà, rílè (súwíìṣì tí iná kékeré ń tan, tí yóò sì gbé iná ńlá) ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó lè gbé 30 tàbí 40 amp, fíúùsì 30 pẹ̀lú ilé rẹ̀, wáyà 4 mm² fún iná ńlá àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fún ìyókù. Ẹ má lo wáyà líle tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé, torí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á ṣẹ́ ẹ.

Yíyan súwíìṣì ni a ti máa ń ṣìṣe jù. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára rẹ̀, bíi 92/87 tàbí 95/90. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ooru (ní Celsius) tí yóò fi tan fáànù, èkejì ni èyí tí yóò fi pa á. Bí orí họ́ọ̀sì òkè ni súwíìṣì máa wà, nọ́ńbà kejì gbọ́dọ̀ ju ti thermostat lọ, ìyẹn ìdènà tó ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó. Bí thermostat yín bá ń ṣí ní 82, 92/87 dára; bó bá jẹ́ 88, ẹ mú 95/90. Bí ẹ bá mú èyí tó kéré jù, omi kò ní tutù débi tí fáànù yóò fi kú, a jẹ́ pé ẹ ti padà sí dáírẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ló máa wà, omi ibẹ̀ ti tutù díẹ̀, ẹ lè mú èyí tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá sì ti yọ thermostat jù nù, bí ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń ṣe, ẹ fi òmíràn síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó máa ń jẹ epo.

Ẹ mú súwíìṣì àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Tíréèdì wọn kò dọ́gba: ti Golf àtijọ́ jẹ́ M22, ti àwọn Honda kan jẹ́ M16.

Kí ẹ tó fi tuntun sí ọkọ̀, ẹ sè é. Ẹ gbé omi kaná nínú ìkòkò kékeré, ẹ so súwíìṣì rọ̀ kí imú rẹ̀ wọmi láìkan ìdí ìkòkò, kí ibi tí wáyà ń wọ̀ sì wà lókè omi. Ẹ yí mítà iná sí ibi tó ti ń dún bí iná bá ráyè kọjá, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kàn án lẹ́sẹ̀; bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ẹ fi ẹnu kejì kan irin ara rẹ̀. Mítà á dákẹ́ títí. Omi á kọ́kọ́ máa yọ ìfófòó wínníwínní lára ìkòkò, àti pé kó tó hó gan-an ni mítà á han fíìn. Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀; bí ooru bá ti ń rọlẹ̀, ìró á dá. Súwíìṣì tí omi hó yàà tí kò fọhùn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀. Omi tí ìdérí ti há mọ́ inú lè kọjá 100 láìhó. Bí ẹ bá ṣí i lójijì, yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí yín lójú. Ẹ yọ nẹ́gétíìfù bátìrì, ẹ fa omi náà sínú abọ́. Bó bá jẹ́ coolant (omi olóògùn tí wọ́n ń rọ sí rédíétọ̀), ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé àti ewúrẹ́: ó dùn lẹ́nu, ó sì jẹ́ májèlé. Ẹ tú ti àtijọ́, ẹ fi tuntun sí i pẹ̀lú wáṣà. Ẹ rọra o, rédíétọ̀ oníke máa ń là.

Bí rédíétọ̀ yín kò bá ní ihò rẹ̀, irin páìpù kan wà tí wọ́n ń ta, tó ní ihò súwíìṣì lára. Ẹ gé họ́ọ̀sì òkè, ẹ kì í sáàárín, ẹ fi kílíìpù méjì dè é. Rọ́bà ló yí páìpù yẹn ká, nítorí náà bí súwíìṣì bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ẹ fa wáyà láti ara páìpù lọ sí bọ́dì ọkọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé súwíìṣì kò dára nìyẹn.

Fáànù ń fa iná púpọ̀, ẹ má jẹ́ kó gba inú súwíìṣì kọjá. Rílè ni kó gbé ẹrù yẹn. Nọ́ńbà wà nídìí rílè. Láti pósítíìfù bátìrì, ẹ gba inú fíúùsì wá sí 30, kí fíúùsì sún mọ́ bátìrì. 87 lọ sí pósítíìfù fáànù, nẹ́gétíìfù fáànù lọ sí bọ́dì. 86 gba iná tó ń wá nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, pẹ̀lú fíúùsì kékeré tirẹ̀. 85 lọ sí súwíìṣì, ẹsẹ̀ súwíìṣì kejì lọ sí bọ́dì. Ẹ ha ọ̀dà ibi tí wáyà bọ́dì máa dì sí títí irin á fi dán.

Ẹ dá bátìrì padà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ fi wáyà 85 kan irin. Fáànù gbọ́dọ̀ gbéra. Ẹ fi bébà sí iwájú rédíétọ̀: bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, fáànù ẹ̀yìn ń fa atẹ́gùn síbi tó yẹ. Bó bá ń tì í dà nù, ẹ pààrọ̀ wáyà fáànù méjèèjì.

Ẹ wá da coolant tí ẹ fi omi lú sí i, ìdajì sí ìdajì, ẹ ṣáná sí ọkọ̀ pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí títí ìfófòó atẹ́gùn yóò fi tán, kí ẹ tó dé e. Ẹ dúró tì í. Fáànù á tàn, á kú, á tún tàn. Bí abẹ́rẹ́ ìgbóná bá ń sún mọ́ pupa tí fáànù kò dáhùn, ẹ pa ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó ṣáná, ẹ ṣí ìdérí kí ẹ fi omi kún ibi tó bá dín.