Bí mo ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, àti bí mo ṣe rí ẹni tó kọ́ mi

Ẹni tó bá ti gbá kíríkẹ́ẹ̀tì rí nílé ẹ̀kọ́ girama lè rò pé bésíbọ́ọ̀lù ò lè yọ òun lẹ́nu. Bátì ni, bọ́ọ̀lù ni, kí èèyàn ṣáà gbá a kó lọ jìnnà. Èrò tí mo gbé lọ nìyẹn nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin wọ Little League, ìyẹn líìgì bésíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, níbí ní Houston, tí kóòṣì wọn ní kí àwa òbí máa bá àwọn ọmọ ṣe díẹ̀díẹ̀ nílé. Mi ò fẹ́ máa kọ́ ọmọ ní ohun tí èmi fúnra mi ò mọ̀, torí náà mo ní màá kọ́kọ́ lọ kọ́ ọ.

Ohun tó mú kó le ni àkókò. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínǹṣì 6 ló wà láàárín ibi tí ajùbọ́ọ̀lù ń dúró sí àti home plate, ìyẹn rọ́bà funfun tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó fẹ́ gbá a. Ti àwọn ọmọ Little League jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 46. Bọ́ọ̀lù tó bá ń sáré máìlì 90 ní wákàtí kan kì í lò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé. Bátì kíríkẹ́ẹ̀tì fẹ̀ pẹrẹsẹ. Ti ibí rí roboto, bọ́ọ̀lù náà rí roboto. Tó o bá ṣì í díẹ̀ báyìí, ó lè fò gba ẹ̀yìn orí ẹ lọ tàbí kó máa yí nílẹ̀ gbirigbiri.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo sanwó fún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó mọ̀ ọ́n gbá gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń sọ kò ju "gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè", "tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù", "gbá a wálẹ̀" lọ, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi í pé kí ló dé tí a fi ń gbá a wálẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Èsì yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò sì padà lọ.

Mo wá jókòó ti YouTube. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹnì kan ní kí èèyàn fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yí bí ẹni ń tẹ kòkòrò pa, ẹlòmíràn ní ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń dín agbára ara ẹ̀ kù ni. Ohun tó là mí lójú ni àlàyé Ted Williams, ẹni tó gbá .406 fún ẹgbẹ́ Boston Red Sox lọ́dún 1941, ìyẹn ni pé ká ní ó gbá a ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, ó máa yege ní ìgbà 406. Ó ní orí òkìtì ni ajùbọ́ọ̀lù ń dúró sí, nítorí náà bọ́ọ̀lù ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Kí bátì gòkè díẹ̀ láti lọ pàdé ẹ̀. Láti ọdún 1969, ínǹṣì 10 ni gíga òkìtì yẹn. 15 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Tí bátì bá ń lọ wálẹ̀, tí bọ́ọ̀lù náà ń bọ̀ wálẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti lè pàdé. Ṣùgbọ́n tí bátì bá gba ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà bọ̀, bó o tiẹ̀ yá jù díẹ̀ tàbí o pẹ́ jù díẹ̀, wọ́n ṣì máa pàdé. Ìdáhùn tí mò ń wá nìyẹn.

Àwa tá a wà ní Houston sì ní àpẹẹrẹ tiwa. J.D. Martinez wà nínú Astros, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ìlú wa yìí, nǹkan ò lọ déédéé fún un, ló bá lọ tún bó ṣe ń gbá a kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn sáà 2013. Astros ò fi bẹ́ẹ̀ fún un láyè kó fi ohun tó kọ́ hàn, wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀ ní oṣù kẹta 2014. Ẹgbẹ́ Detroit mú un, ó gbá .315 lọ́dún yẹn, ó sì gbá home run 23, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá. Lọ́dún 2017, home run 45 ló gbá.

Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí àwọn ọmọ ẹ̀ ti gbá a dé háískúùlù, ló fọ̀nà hàn mí. Ó ní, "Àbúrò, má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Lọ jókòó ti kóòṣì tí mo máa júwe fún ẹ yìí nígbà tó bá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kó o wo bó ṣe ń ṣe é." Mo lọ. Bàbá àgbàlagbà kan ni, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kóòṣì háískúùlù. Kì í pariwo. Á fi fóònù ká ọmọ náà, á dá fídíò dúró níbi tí gìgísẹ̀ iwájú ti balẹ̀, á bi í pé, "Kí lo rí?" Ọmọ á sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń bá a tún ṣe títí wọ́n fi parí. Ojú ẹsẹ̀ ni mo gba nọ́ńbà ẹ̀.

Kò fún mi ní bọ́ọ̀lù rárá níjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí n di bátì mú. Ó yọ ọ́ kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó tò ó sí ìka, ó ní kí àwọn oríkèé ìka tí a fi ń kan ilẹ̀kùn wà lórí ìlà kan ní ọwọ́ méjèèjì. Ọrùn ọwọ́ mi rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi bátì dábùú àyà mi, ó ní kí n fi apá méjèèjì há a mọ́ra, kí n gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí n rọra gbé ti òsì síwájú díẹ̀, kí gìgísẹ̀ balẹ̀, kí ìbàdí sì kọ́kọ́ yí nígbà tí èjìká ṣì ń dúró.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ara tí kíríkẹ́ẹ̀tì ti mọ́ fẹ́ kí ọwọ́ kọ́kọ́ lọ. Kóòṣì á fọwọ́ di èjìká mi mú, á ní, "Bẹ́líìtì nìkan." Nígbà tó wá bọ́ sí i, mo mọ̀ ọ́n lára: aṣọ mi fà láti èjìká sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, ikùn mi le, lẹ́yìn náà ni èjìká yí tẹ̀ lé e fúnra ẹ̀. Ẹ wo darandaran tó ń ju pàṣán: ọwọ́ ló kọ́kọ́ lọ, ṣóńṣó pàṣán ló kẹ́yìn, òun ló sì yára jù. Bẹ́ẹ̀ ni ìbàdí àti bátì ṣe rí. Kì í ṣe gíga ló ń gbé bọ́ọ̀lù lọ: José Altuve ti Astros ò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 6 lọ, síbẹ̀ òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ MVP, ti agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù, ní American League, ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjì ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2017.

Ẹ̀yìn ìyẹn la kan tee, ọ̀pá tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé. Ó jọ ti ọmọdé, àmọ́ àwọn tó ń gbowó ńlá ní Major League, líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, náà ń lò ó. Bọ́ọ̀lù tó bá sún mọ́ ara, iwájú ẹsẹ̀ òsì la ti ń pàdé ẹ̀. Èyí tó bá jìnnà sí ara, a máa jẹ́ kó wọlé sí i díẹ̀, ká gbá a sápá ọ̀tún. Bí bátì ṣe ń kan bọ́ọ̀lù, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún kọjú sókè, ti òsì dojú kọlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ò gbọdọ̀ yí kí bọ́ọ̀lù tó lọ. Bátì onígi ló fi kọ́ mi, torí kì í bo àṣírí. Tí bọ́ọ̀lù bá bá ojú ibi tó dára, o ò ní mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ rárá. Tó bá bá ìdí bátì, ọwọ́ á ta ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, pàápàá nígbà òtútù.

Ìgbà tí tee mọ́ mi lára ló wá jókòó sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, tó ń ju bọ́ọ̀lù sí mi láti ìtòsí. Kò ka ẹ̀rọ tó ń ju bọ́ọ̀lù sí: ó ní apá ajùbọ́ọ̀lù lèèyàn fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí ẹsẹ̀ gbéra, ẹ̀rọ ò sì ní apá.

Fún ẹ̀yin òbí tó fẹ́ ra bátì: láti oṣù kìíní 2018, èyí tí kì í ṣe onígi gbọ́dọ̀ ní àmì USA Baseball lára kí wọ́n tó gbà á fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Little League. Ẹ ó tún rí nọ́ńbà bíi −10. Ó túmọ̀ sí pé bátì ínǹṣì 28 wúwo tó áúnsì 18. Ẹ má ra èyí tó wúwo pé ọmọ máa dàgbà bá a. Bátì tó bá wúwo jù máa ń fa ọwọ́ ọmọ wálẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù, gbogbo ohun tí kóòṣì kọ́ ọ á sì dà nù.

Báyìí, kóòṣì ń jù ú sí mi láti orí òkìtì, ọ̀pọ̀ ẹ̀ sì ń lọ tààrà sí àárín pápá. Ọmọ mi náà ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Gáréèjì ni tee wa wà nílé. Ìyàwó mi ní kí n lọ ra nẹ́ẹ̀tì tó nípọn kí n tó fọ́ gíláàsì mọ́tò òun, mo sì ti rà á.