Bí Worm Bá Wọ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ọ́fíìsì: Bí Ẹ Ó Ṣe Gba Sáfà Ímeèlì Sílẹ̀

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń ké pé ímeèlì kò jáde mọ́, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wọ́ bí ìgbín, ẹ má ṣe tíì pa sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì, tó sì ń fi í ránṣẹ́) kí ẹ tún un tàn. Ìlà àwọn lẹ́tà tó ń dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lórí Postfix, ètò tó ń darí ímeèlì lórí sáfà, àṣẹ mailq ni yóò fi í hàn. Bí ìlà náà bá gùn, tí orúkọ olùfiránṣẹ́ sì jẹ́ MAILER-DAEMON (orúkọ tí sáfà fi ń dá lẹ́tà padà) láti òkè délẹ̀, lẹ́tà tí kò rí ẹni gbà á ni sáfà yín ń dá padà fún ẹni tí kò kọ ọ́.

Mydoom, worm (ètò aṣèbàjẹ́ tó ń tan ara rẹ̀ kálẹ̀) tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2004, ni àpẹẹrẹ tó yé mi jù. Á tú àwọn fáìlì inú kọ̀ǹpútà tó bá wọ̀ láti ṣa àdírẹ́sì jọ, á fi ayédèrú orúkọ ṣe olùfiránṣẹ́, á sì fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ láìgba ọ̀dọ̀ sáfà ọ́fíìsì kọjá. Sáfà tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wọlé kí ó tó mọ̀ pé olùgbà kò sí ti ra wàhálà, nítorí pé Postfix lè fi ọjọ́ 5 gbìyànjú àtidá a padà bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀. Lójú tèmi, àdápadà yìí máa ń da sáfà láàmú ju worm fúnra rẹ̀ lọ.

Worm mìíràn, Slammer ti oṣù Kìíní 2003, kò bá ímeèlì ṣe rárá. Pákẹ́ẹ̀tì UDP (ẹyọ dátà kékeré) kan ṣoṣo, báìtì 404, tó ń lọ sí pọ́ọ̀tù (ojú ọ̀nà oní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà) 1434 ni. Síbẹ̀, níbi tó bá ti dí ọ̀nà, DNS, tó ń sọ ibi tí sáfà mìíràn wà, kò ní dáhùn, lẹ́tà á sì kó jọ sórí sáfà tí ara rẹ̀ le koko.

Ẹ wá lọ sí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà tó so ọ́fíìsì mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi tcpdump, irinṣẹ́ tó ń fi ohun tó ń kọjá hàn, wo pọ́ọ̀tù 25 tí ímeèlì ń gbà. Kọ̀ǹpútà akáǹtì tó ń kan ilẹ̀kùn sáfà 20 lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe owó oṣù ló ń ṣírò. Ẹ yọ wáyà rẹ̀. Ẹ ṣètò firewall (ògiri ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kí sáfà ímeèlì nìkan máa gba pọ́ọ̀tù 25 jáde.

Àṣẹ postsuper -h ALL yóò dá àwọn lẹ́tà tó wà nílẹ̀ dúró kí tuntun lè ráyè kọjá. Ẹ fi postsuper -d ṣa ti MAILER-DAEMON dànù ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi -H tú ìyókù sílẹ̀. Ẹ má ṣe dán -d ALL wò, nítorí pé lẹ́tà oníbàárà wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí sáfà máa kọ lẹ́tà tí kò ní olùgbà láti ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì pa ìkìlọ̀ tí ẹ̀rọ agbógunti fáírọ́ọ̀sì ń fi ránṣẹ́ sí olùfiránṣẹ́, torí aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni yóò gbà á.