Bí Ẹ Ṣe Lè San Owó Ọmọ Ìpínlẹ̀ ní Yunifásítì Ìjọba ní Texas

Ní yunifásítì ìjọba ní Texas, owó tí àlejò, ìyẹn ẹni tí wọn kò kà sí ará Texas, ń san ga ju ti ọmọ ìpínlẹ̀ lọ dáadáa. Kí wọ́n tó kà yín mọ́ ọmọ ìpínlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi Texas ṣe ilé fún oṣù 12 gbáko ṣáájú census date, ìyẹn ọjọ́ tí yunifásítì ń ka iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kejìlá tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìgbélùú yín. Green card dára, H-1B, físà òṣìṣẹ́, dára, H-4, ti ìdílé òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, náà dára. Físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, nìkan kò tó, bó ti wù kí ẹ pẹ́ tó. Bí òbí bá ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ orúkọ yín sínú ìwé owó orí rẹ̀, ibi tí òbí ń gbé ni wọn yóò wò. Ẹni tí bàbá rẹ̀ wà ní Maryland, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Houston, àlejò ni lójú wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé: ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé kì í ṣe ìwé kíkà ló gbé yín wá. Mo ti rí àwọn tó kó ìwé ìwakọ̀, ìwé rẹ́ǹtì àti bíìlì iná jọ, tí wọ́n rò pé ó ti parí. Ìwé wọ̀nyẹn kàn ń ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ni. Iṣẹ́ ló ń gbé e dúró, ó kéré tán wákàtí 20 lọ́sẹ̀ fún odidi ọdún kan; bí kò bá sí iṣẹ́, ilé tí ẹ rà, òwò tí ẹ dá sílẹ̀, tàbí ọkọ tàbí aya tó ti jẹ́ ará Texas. Iṣẹ́ tí yunifásítì fún yín torí pé ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú rẹ̀. Irun dídì tí wọ́n ń san owó rẹ̀ síni lọ́wọ́ láìsí ìwé kò lè ràn yín lọ́wọ́, àfi kí ẹ sọ ọ́ di òwò tó lórúkọ, kí ẹ sì máa san owó orí lé e.

Nítorí náà, iṣẹ́ ni kó ṣáájú, kí kíláàsì tẹ̀lé e. Iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tàbí ti ìtọ́jú arúgbó tó. Ẹ jẹ́ kí ọdún yípo. Ẹni tó wọ Texas lóṣù kẹjọ, tó jókòó sí kíláàsì lóṣù kan náà, ti fúnra rẹ̀ sọ ohun tó wá ṣe.

Ẹ gba lẹ́tà iléeṣẹ́ tó sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti iye wákàtí yín, kí ẹ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Ẹ máa fi fóònù ya gbogbo pay stub, ìwé tó ń fi owó iṣẹ́ yín hàn, kí ẹ sì kó ojúlówó wọn sínú fáìlì páálí kan. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ mìíràn.

Ẹ fara balẹ̀ dáhùn Core Residency Questions, àwọn ìbéèrè tí yunifásítì fi ń mọ̀ bóyá ará Texas ni yín. Ọjọ́ tí ẹ kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti lẹ́tà mu. Bí wọ́n bá ṣì pè yín ní àlejò, ẹ gbé fáìlì lọ sí ọ́fíìsì registrar, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ní oṣù méjì ṣáájú census date, kí àyè lè wà láti wá ìwé tí wọ́n bá tún béèrè.